Bọ́tìnì Aláwọ̀ Eérú

Iṣẹ́ mi ni kí n mú "Mo gbà" tóbi,
kí n kùn ún ní àwọ̀ ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀,
kí n sì mú "Mo kọ̀" kéré,
kí n fi eérú ra á lára,
kó jókòó sísàlẹ̀ bí ọmọ tí wọn ò pè síbi oúnjẹ.
Ní àjà kẹrin, ní ìlú Brno, ni mo ti ń ṣe é,
fèrèsé mi kọjú sí ojú irin tíráàmù.
Ọ̀gá mi, Radovan, a máa wo kọ̀ǹpútà lẹ́yìn mi,
a ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n Kọ̀ yẹn ṣì hàn jù."
Mo tún dín in kù.
Wọ́n sanwó fún mi. Mo fi ra bàtà òtútù.

Ìyá mi, Drahomíra, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
béèrè oògùn orúnkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí fóònù.
Láti ọjọ́ náà ni orúnkún ti ń tẹ̀ lé e kiri.
Ó ṣí ìwé ìròyìn: orúnkún.
Ó ń wá bí wọ́n ṣe ń se kábéèjì: orúnkún.
Ó ń ka orúkọ àwọn tó kú lọ́sẹ̀ yẹn,
orúnkún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó ń ta ìpara.
Ó pè mí: "Ta ló sọ fún wọn?
Dókítà mi kì í ṣe olófòófó."

Mo ní, "Màmá, bisikíìtì ni wọ́n ń pè é.
Ẹni tí o bá yà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń fi í sápò rẹ
kó lè dá ọ mọ̀ nígbà míì."
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Bisikíìtì? Èyí tí mò ń yan fún yín ní Kérésì,
tó rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tí mo wọ́n ṣúgà lé lórí,
ẹ jẹ ẹ́, ó tán. Kò sí èyí tó padà wá sọ fún mi
iye ìgbà tí ẹ dìde lóru lọ mu omi."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá dárúkọ Hlaváč,
aládùúgbò wa àtijọ́, ti àjà kejì,
láyé ìgbà tí ògiri létí lóòótọ́, tó tún mọ̀wé kọ.
Nígbà tí ìjọba yẹn ṣubú, wọ́n jẹ́ kí ó ka fáìlì rẹ̀.
Ó ra búrẹ́dì dúdú méjì lọ́jọ́ Ẹtì.
Obìnrin kan wá, ó wọ kóòtù búlúù, kò tètè lọ.
Ó pa fèrèsé dé ní aago mẹ́sàn-án.
"Ṣùgbọ́n òtútù a máa mú Hlaváč lórí àtẹ̀gùn yẹn.
Mo mọ ikọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti wúkọ́, a ó rẹ ohùn sílẹ̀.
Àwọn tìrẹ yìí, ṣé wọn kì í wúkọ́ ni?"

Mi ò rí èsì.

Lọ́jọ́ Àìkú mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a lábúlé,
mo ní kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀.
Ojú ìwé náà ṣí. Mo dá iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ̀
bí aránṣọ ṣe ń dá aṣọ tó rán mọ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn.
"Níbo ló wà?" Mo fi ìka hàn án.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.
Àtàǹpàkò tó ti po ìyẹ̀fun fún ọgọ́ta ọdún
wá ń gbọ̀n bí ẹyẹ tí ò rí ẹ̀ka bà lé.
Ó tẹ̀ ẹ́, ó tàsé: Mo gbà.
A ṣí òmíràn. Ó tàsé: Mo gbà.
"Bá mi tẹ̀ ẹ́," ó ní, "ojú mi ò tó o mọ́.
Ta ni aláìnítìjú tó ṣe èyí?"

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀;
tèmi mú dé orúnkún ìyá mi.
Mo bá a tẹ̀ ẹ́. Mi ò jẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé Kọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbà,
mo nu eérú ara rẹ̀, mo mú un tóbi tó èkejì.
Radovan ò tíì dé.
Ife kọfí rẹ̀ ṣì wà níbi tó fi í sí lọ́jọ́ Ẹtì.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn,
mo sì wúkọ́.